Atawẹ́wẹ́ Bínú sí Ínfátà

Atawẹ́wẹ́ ni wọ́n ń pè é nílé. Kékeré ni, ṣùgbọ́n ó ta!

Láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, Atawẹ́wẹ́ jí. Kò tíì bọ́jú. Kò tíì jẹun. Ìdí àpótí ẹyin ló kọ́kọ́ sá lọ.

Pata-pata-pata!

Páálí ńlá kan ni àpótí náà. Bàbá ló gé fèrèsé kékeré sí i lára. Bàbá ló fi gílóòbù kan sínú ẹ̀. Gílóòbù yẹn ló ń mú kó móoru bí abẹ́ ìyẹ́ adìẹ.

Ẹyin mẹ́sàn-án ló wà nínú ẹ̀. Màmá Àgbà ló fún Atawẹ́wẹ́ ní gbogbo wọn.

Láàárọ̀, á yí wọn. Lọ́sàn-án, á yí wọn. Nírọ̀lẹ́, á tún yí wọn. Rọra, rọra, rọra.

Ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló ti ń yí ẹyin. Ó ku ọjọ́ mẹ́fà péré kí wọ́n pa.

Ọwọ́ oòrùn ni ilé wọn ti ń gba iná. Pánẹ́ẹ̀lì wà lórí òrùlé, ó ń gba oòrùn. Bátìrì wà nílẹ̀, ó ń tọ́jú agbára oòrùn pamọ́. Ínfátà wà lára ògiri. Òun ló ń sọ agbára yẹn di iná tí gílóòbù àti fáànù lè lò.

Pánẹ́ẹ̀lì ń ṣiṣẹ́. Bátìrì ń ṣiṣẹ́. Ínfátà ni ọ̀lẹ.

Láàárọ̀ yìí, fìríìjì fẹ́ jí nínú kíṣìnnì. Gìrì!

Ni ínfátà bá figbe ta. Tíì! Tíì! Tííììììì!

Kẹ́!

Ó kú.

Gílóòbù kú. Inú àpótí ṣókùnkùn.

Inú bí Atawẹ́wẹ́. Ó bí i dé ìka ẹsẹ̀.

"Bàbá! Ó tún ti kú o!"

Bàbá sáré jáde, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín wà lẹ́nu rẹ̀. "Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tún un ṣe!"

"Wọ́n tún un ṣe lọ́sẹ̀ tó ṣáájú ìyẹn náà!"

Bàbá gbá ínfátà létí. Pó! Pó! Kò dáhùn. Èéfín tín-ín-rín kan yọ lẹ́yìn ẹ̀. Fíì.

Màmá fọwọ́ kan ẹyin kan. "Wọ́n ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́."

"Ṣé wọ́n máa kú ni, Màmá?"

"Wọn ò ní tíì kú. Ẹyin lè fara da òtútù fúngbà díẹ̀. Ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ pẹ́."

Màmá rọ omi gbígbóná sínú ìgò méjì. Ó fi aṣọ wé ìgò. Ó tì wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹyin. Ó ti àpótí pa.

"Èmi á máa ṣọ́ wọn," ni Màmá wí. "Ẹ lọ ra ínfátà mìíràn. Ẹ tètè dé."

"Kẹ́ ẹ má sì tún lọ ra ọ̀lẹ wá!" ni Atawẹ́wẹ́ wí.

Bàbá yíjú padà. "Ta lò ń bá sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀?"

Atawẹ́wẹ́ wolẹ̀. "Ẹ má bínú, Bàbá. Ínfátà ni mò ń bá wí."

Àǹtí Wáyà wọlé dé. Ilé kejì ló ń gbé. Òun ló ń tún iná ṣe fún gbogbo àdúgbò, wáyà kì í sì í kúrò léjìká ẹ̀.

Ó tú ínfátà wò. Ó gbóòórùn ẹ̀. Ó mirí.

"Èyí ti parí," ó ní.

"Wọ́n kọ ọ́ sára ẹ̀ pé ó lè gbé fìríìjì," ni Bàbá wí.

"Ọ̀tọ̀ ni ohun tí wọ́n kọ. Ọ̀tọ̀ ni ohun tó lè gbé. Kí ni ínfátà máa gbé nílé yín? Ẹ kà á fún mi."

Atawẹ́wẹ́ mú pẹ́ńsù àti ìwé. Ó ya gílóòbù mẹ́rin. Ó ya fáànù kan. Ó ya fìríìjì kan. Ó ya àpótí ẹyin. Àpótí ẹyin tóbi ju fìríìjì lọ lórí ìwé náà.

"Fìríìjì ni kẹ́ ẹ ṣọ́," ni Àǹtí Wáyà wí. "Tó bá ti ń ṣiṣẹ́, kò le. Ìgbà tó bá fẹ́ jí ló máa ń tàpá. Ínfátà tí kò bá lágbára, á ṣubú."

"Bíi tiwa," ni Atawẹ́wẹ́ wí.

"Bíi tiyín gan-an."

Wọ́n gba ọ̀nà sọ́ọ̀bù lọ. Bàbá ń yára. Àǹtí Wáyà ń yára. Atawẹ́wẹ́ ń sáré. Bó ti ń sáré, ẹyin ló ń rò. Ṣé omi inú ìgò ti ń tutù?

Ẹni tó ni sọ́ọ̀bù náà, Ẹlẹ́nu Dídùn ni gbogbo èèyàn ń pè é.

"Ẹ káàbọ̀! Ẹ wọlé! Ọjà rere dé!"

Ó gbé ínfátà kékeré kan sílẹ̀. Ó pupa bíi góòlù. Iná wẹ́wẹ́ ń ṣẹ́jú lára ẹ̀. Pín! Pín! Pín!

"Owó pọ́ọ́kú ni!" ni Ẹlẹ́nu Dídùn wí.

"Ṣé ó lè gbé fìríìjì?" ni Àǹtí Wáyà bi í.

"Fìríìjì kẹ̀? Á gbé gbogbo ilé!"

Ọwọ́ Bàbá ń lọ síbi ínfátà góòlù. Ó ń lọ. Ó ń lọ.

Atawẹ́wẹ́ fa ṣòkòtò Bàbá. "Bàbá, owó pọ́ọ́kú la ra ti ìjọ́sí náà."

Ọwọ́ Bàbá padà sápò.

"Ó dáa, ó dáa!" ni Ẹlẹ́nu Dídùn wí. Ó nawọ́ sí òmíràn. Èyí tóbi bíi kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ. "Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á! Èyí á gbé ilé mẹ́rin!"

"Ilé kan la ní," ni Atawẹ́wẹ́ wí. "Ẹyin la fẹ́ mú móoru. A ò fẹ́ gbé erin."

Àǹtí Wáyà bú sẹ́rìn-ín. Ẹlẹ́nu Dídùn kò rẹ́rìn-ín.

"Èyí tóbi jù," ni Àǹtí Wáyà wí. "Kò tíì gbé nǹkan kan, á ti mu bátìrì wọn gbẹ. Ẹ jẹ́ ká padà sí kékeré yẹn. Ẹ fi fìríìjì sọ́ọ̀bù yín sí i, kí n rí i."

"Rárá o! Ẹ rà á ná. Tẹ́ ẹ bá délé, ẹ tàn án."

"Tí kò bá wá gbé e ńkọ́?" ni Bàbá bi í.

"Á gbé e! Ṣé ẹ ò rí ohun tí wọ́n kọ sára ẹ̀ ni?"

Inú bí Atawẹ́wẹ́. Ó bí i dé etí. Ẹyin ń tutù nílé, àwọn àgbà ń sọ̀rọ̀, wọ́n ń sọ̀rọ̀, wọ́n ṣáà ń sọ̀rọ̀!

Ó jókòó sílẹ̀. Gbì!

Ó ká apá mọ́ àyà. Kò wo ínfátà góòlù. Kò wo ínfátà ńlá. Òkè àjà sọ́ọ̀bù ló ń wò.

Fáànù ń yí lókè. Fẹ̀rẹ̀, fẹ̀rẹ̀, fẹ̀rẹ̀.

Fìríìjì ńlá kan dúró níkọ̀rọ̀, omi tútù kún inú ẹ̀. Ó jí. Gìrì! Fáànù kò tilẹ̀ mì. Fẹ̀rẹ̀, fẹ̀rẹ̀, fẹ̀rẹ̀.

Atawẹ́wẹ́ yanu.

Wáyà kan jáde lẹ́yìn fìríìjì. Atawẹ́wẹ́ fojú tẹ̀ lé e. Wáyà gba ẹsẹ̀ ògiri. Atawẹ́wẹ́ rá tẹ̀ lé e. Wáyà wọ abẹ́ tábìlì. Atawẹ́wẹ́ wọ abẹ́ tábìlì. Wáyà wọ ẹ̀yìn páálí. Atawẹ́wẹ́ ti páálí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ínfátà kan nìyí! Àwọ̀ eérú ni. Eruku bò ó. Kò ní iná tó ń ṣẹ́jú. Ó kàn ń kùn jẹ́jẹ́.

Hùùùùn.

"Kí lò ń wá lábẹ́ tábìlì mi?" ni Ẹlẹ́nu Dídùn pariwo.

Atawẹ́wẹ́ yọrí. Eruku wà nímú ẹ̀. "Bọ̀dá, ṣé eléyìí ló ń gbé fìríìjì yín?"

Ẹlẹ́nu Dídùn ń nu tábìlì tí kò dọ̀tí.

"Ṣé òun ló ń gbé fáànù yín?"

Ẹlẹ́nu Dídùn họrùn.

"Kí ló dé tí ẹ̀yin ò lo onígóòlù?"

Bàbá yíjú sí Ẹlẹ́nu Dídùn. Báyìí, inú ti ń bí Bàbá náà.

"Ọ̀gá, ọmọ mi bi yín ní ìbéèrè."

"Ṣé ẹ rí i... ìyẹn kì í yọ mí lẹ́nu ni."

"Ó tó ọdún mélòó?"

"Ọdún márùn-ún."

"Ṣé ẹ ti tún un ṣe rí?"

"Rárá."

"Ẹ̀yin ń lo èyí tó dáa," ni Bàbá wí, "ẹ wá ń ta èyí tí ẹ ò lè lò fún wa! Ẹyin ọmọ mi ń tutù nílé!" Bàbá lu tábìlì. Gbà!

Atawẹ́wẹ́ náà lu tábìlì. Gbà!

"Ẹ má bínú," ni Ẹlẹ́nu Dídùn wí. Ohùn ẹ̀ ti kéré. "Irú ẹ̀ kan wà lẹ́yìn."

Ó gbé e jáde. Àwọ̀ eérú ni. Bàbá béèrè iye ẹ̀. Ó wọ́n ju onígóòlù lọ. Ṣùgbọ́n kò súnmọ́ owó ti ńlá yẹn rárá.

"Ẹ tàn án," ni Àǹtí Wáyà wí.

Lọ́tẹ̀ yìí, Ẹlẹ́nu Dídùn kò jiyàn. Ó so ó mọ́ bátìrì. Ó fi fìríìjì sí i. Gbogbo wọn dúró. Gbogbo wọn ò mí.

Fìríìjì tàpá. Gìrì!

Ínfátà kùn jẹ́jẹ́. Hùùùùn.

"Tó bá bàjẹ́ ńkọ́?" ni Atawẹ́wẹ́ bi í.

"Ọdún méjì gbáko ni màá fi tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́."

"Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀."

Ẹlẹ́nu Dídùn kọ ọ́ sílẹ̀.

Nígbà tí wọ́n jáde, Àǹtí Wáyà fọwọ́ nu imú Atawẹ́wẹ́. "Ṣé ẹ rí i, Bàbá Atawẹ́wẹ́? Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ."

Wọ́n sáré délé. Màmá ti pààrọ̀ omi gbígbóná lẹ́ẹ̀mẹta.

Àǹtí Wáyà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó ń yí ìdè. Kírí, kírí, kírí.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè!"

"Iná kì í gba ìkánjú, Ata mi."

Kírí, kírí, kírí.

Pá!

Gílóòbù tàn. Inú àpótí mọ́lẹ̀ rekete. Nínú kíṣìnnì, fìríìjì tàpá. Gìrì! Gílóòbù kò ṣẹ́jú.

Bàbá kúnlẹ̀ níwájú Atawẹ́wẹ́. "Èmi ni mo ra ọ̀lẹ ìjọ́sí. Mo rí i pé owó pọ́ọ́kú ni, mo ò sì béèrè nǹkan kan. Má bínú."

Atawẹ́wẹ́ rò ó. "Inú ṣì ń bí mi díẹ̀."

"Kò burú," ni Bàbá wí. "Bínú díẹ̀ sí i."

Ó bínú títí oúnjẹ fi délẹ̀. Ó ń jẹun, ó ń bínú. Kó tó jẹ ẹ́ tán, ó ti gbàgbé.

Ọjọ́ kan lọ. Ọjọ́ méjì lọ. Ọjọ́ mẹ́ta, mẹ́rin, márùn-ún.

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹfà, nǹkan kan kanlẹ̀kùn nínú àpótí. Kó. Kó-kó.

Ẹyin kan là. Krá! Ẹnu ṣóńṣó kan yọ jáde. Píó!

Ẹyin mìíràn là. Píó! Òmíràn tún là. Píó! Píó!

Mẹ́jọ ló pa. Ẹyin kẹsàn-án kò pa. Atawẹ́wẹ́ jókòó tì í títí, ṣùgbọ́n kò pa.

Màmá jókòó tì í. Lẹ́yìn náà, Màmá gbé òròmọdìẹ kan sínú àtẹ́lẹwọ́ Atawẹ́wẹ́. Ó rọ̀ bí òwú. Ó móoru.

Bàbá já wọlé. "Ṣé wọ́n ti pa? Mélòó ni? Ẹ jẹ́ kí n..."

"Ṣíí!" ni Atawẹ́wẹ́ wí. "Ẹ rọra, Bàbá. Ó ń sùn."

Bàbá rọra lóṣòó. Àǹtí Wáyà kó wáyà ẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó yọ́ wọlé. Gbogbo wọn lóṣòó yí àtẹ́lẹwọ́ kékeré yẹn ká.

Òròmọdìẹ la ojú kan. Ó wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Píó," ó wí.

Ó sì tún padà sùn.