Irin Tí Valdis Gbé

Irin náà tún bọ́ lọ́wọ́ Tàíbátù. Ó já lulẹ̀ gbì, ilẹ̀ sì mì. Tàíbátù jókòó sórí pákó, ó fi etí ìborùn rẹ̀ nu òógùn ojú.

"Ó tó bẹ́ẹ̀ lónìí," ni Valdis, olùkọ́ wọn, wí. "Ó ti rẹ̀ ọ́. Lọ pààrọ̀ aṣọ."

Ọmọ orílẹ̀-èdè Latvia ni Valdis. Ó ti gbé irin fún orílẹ̀-èdè rẹ̀ rí kó tó wá sí Calgary ní ilẹ̀ Kánádà wá ṣe iṣẹ́ wẹ́dà nílé iṣẹ́ kan tó ń ṣe páìpù epo. Nígbà tí owó epo rọ̀bì já wálẹ̀, wọ́n dá a dúró. Láti ìgbà náà ló ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní gbígbé irin nínú ilé ìkẹ́rùsí kan ní àdúgbò Sunridge. Kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ọmọ tí òbí rẹ̀ bá ti pàdánù iṣẹ́.

Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni Tàíbátù. Ẹnjiníà ni Akeem bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n takisí ló ń wà báyìí. Wọ́n ti kó kúrò nílé wọn ní New Brighton lọ sí basement kan, ìyẹn yàrá abẹ́ ilé onílé, ní Abbeydale. Idiat ìyá rẹ̀ tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ló gbé ẹrù ilé rù. Ìdíje irin gbígbé ti ìpínlẹ̀ Alberta ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Yunifásítì kan ti ṣèlérí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ fún ọ̀dọ́bìnrin tó bá ṣe ipò kìíní, Tàíbátù kò sì rí ọ̀nà mìíràn tí òun lè gbà dé yunifásítì.

Ayọ̀mídé, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń kọ́ irin gbígbé, bá a nínú yàrá tí wọ́n ti ń pààrọ̀ aṣọ. Ó wẹ̀yìn wò, ó fi ike oògùn kékeré kan sí i lọ́wọ́.

"Ṣó o rí bí ara mi ṣe le lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí? This is it. Wọn kì í yẹ ìtọ̀ ẹnikẹ́ni wò ní ìdíje kékeré."

"Ayọ̀, ṣé kì í ṣe oògùn tí wọ́n kà léèwọ̀ nìyí?"

"Abeg, everybody dey use am. Àbí o fẹ́ kí dádì ẹ máa wa takisí títí ayé ni?"

Ọ̀rọ̀ náà wọ Tàíbátù lára. Ó ki ike náà bọ àpò.

Nígbà tó jáde, Valdis ń ti snow kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Tàíbátù dúró tì í.

"Kóòṣì, ṣé ẹ gba àmì-ẹ̀yẹ rí?"

Valdis rẹ́rìn-ín. "Ọmọ àgbẹ̀ ni mí. Àpò ọ̀dùnkún ni mo kọ́kọ́ ń gbé kí n tó gbé irin. Mo gbé irin káàkiri Yúróòpù, àmọ́ níbi ìdíje tó tóbi jù tí mo lọ, ipò kẹrin ni mo ṣe. Ẹ̀yìn ti ń dùn mí nígbà náà, mo mọ̀ pé ìyẹn ni yóò gbẹ̀yìn. Kó tó dìgbà náà, ẹnìkan gbé abẹ́rẹ́ wá bá mi. Mo ní n kò gbà."

"Àwọn mẹ́ta tó ṣáájú yín ńkọ́?"

"Mo fura. Ṣùgbọ́n ìfura kì í ṣe ẹ̀rí."

"Kí wá ni ẹ rí gbà níbẹ̀?" Ọ̀rọ̀ náà ti bọ́ lẹ́nu rẹ̀ kó tó mọ̀.

Valdis gbé ṣọ́bìrì rẹ̀ ti ògiri. "Bàbá mi nìkan ló wá pàdé mi ní pápá ọkọ̀ òfurufú. Ó bi mí pé, 'Valdis, ṣé ìwọ fúnra rẹ lo gbé e?' Mo ní, 'Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá, èmi ni mo gbé e.' Ó dì mọ́ mi. Ohun tí mo rí gbà nìyẹn."

Lọ́jọ́ kejì, Tàíbátù dá ike náà padà.

"Mi ò lè mu ún, Ayọ̀. Ìwọ náà, jọ̀ọ́, dà á nù."

"Suit yourself," ni Ayọ̀mídé dáhùn, kò sì bá a sọ̀rọ̀ mọ́.

Ní ọjọ́ ìdíje, Ayọ̀mídé ṣe ipò kìíní. Tàíbátù ṣe ipò kẹta. Ó sunkún nínú takisí bàbá rẹ̀ títí wọ́n fi délé.

"Pípẹ́ ni yóò pẹ́," ni bàbá rẹ̀ wí, "akólòlò yóò pe baba."

"Dádì, proverbs don't pay school fees!"

Bàbá rẹ̀ kò bínú. Ó kàn bu ìrẹsì gbígbóná fún un, ó sì jókòó tì í títí ó fi jẹun tán.

Nígbà tí snow ń yọ́, ìròyìn dé. Wọ́n yẹ ìtọ̀ àwọn tó borí wò, wọ́n bá oògùn nínú ti Ayọ̀mídé. Wọ́n fòfin dè é fún ọdún méjì, yunifásítì sì fún ẹni tó ṣe ipò kejì ní àǹfààní náà. Kò kan Tàíbátù síbẹ̀.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n pe Valdis láti Latvia. Wọ́n ti tún ìtọ̀ tí wọ́n tọ́jú láti ibi ìdíje ńlá tó lọ ní ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn yẹ̀ wò. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a: oògùn ni méjì nínú àwọn tó ṣáájú Valdis lò. Òun gan-an ló ṣe ipò kejì. Aṣojú orílẹ̀-èdè rẹ̀ kan wá sí Sunridge, ó fi àmì-ẹ̀yẹ fàdákà kọ́ ọ lọ́rùn láàárín àwọn irin rẹ̀. Àwọn ọmọ pàtẹ́wọ́. Ọkùnrin gìrìwò náà bojú, ó sunkún bí ọmọdé.

Tàíbátù wo ìta láti ojú fèrèsé, ó rí Ayọ̀mídé tó dúró lódìkejì títì. Ó sáré lọ bá a.

"Mi ò lè wọlé," ni Ayọ̀mídé wí. "Ojú ń tì mí."

"Ọdún méjì á pé. O ṣì máa gbé irin. Wá, jẹ́ ká jọ rìn dé ibi train."

Ayọ̀mídé di ọwọ́ Tàíbátù mú.

Ní ìdíje ọdún tó tẹ̀ lé e, irin náà gòkè kọjá orí Tàíbátù, ó sì dúró ṣinṣin. Ipò kìíní ni. Nígbà tí yunifásítì pè é pé ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti di tirẹ̀, Akeem ló kọ́kọ́ kígbe "Alhamdulillah!"

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, òtítọ́ lè má tètè dé lọ́jọ́ tí ẹ nílò rẹ̀ jù, ó sì lè ná yín ní ohun tí ẹ fẹ́ràn. Síbẹ̀, ẹ má fi ọ̀nà ẹ̀bùrú wá ipò. Ohun tí a fi èrú gbà, wọn yóò gbà á padà lọ́wọ́ ẹni. Ohun tí a fi agbára ara ẹni gbé, ti ẹni ni títí láé.