Àga Tó Wà Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Iná

Ẹni tó bá fẹ́ gbà mí gbọ́, kó gbà mí gbọ́. Ẹni tí kò bá fẹ́, mi ò ní bá a jà. Ó ti rẹ̀ mí. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ó ṣẹlẹ̀, ó sì ṣojú mi kòrókòró.

Iṣẹ́ mi ni kí n máa gbọ́ ẹjọ́ àwọn tó ń wo tẹlifíṣọ̀n. Tí eré bá parí, wọ́n á pe iléeṣẹ́ wa, èmi ni mo sì máa ń gbé fóònù. Lọ́sàn-án ọjọ́ Ìsinmi, eré ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kan láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì là ń gbé sáfẹ́fẹ́. Eré ayé àtijọ́ ni: ọkọ̀ ojú irin tó ń tú èéfín, àwọn obìnrin onífìlà gbàgàdà, ilé ńlá tí wọ́n ti pa èèyàn. Ní ìparí apá kọ̀ọ̀kan, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ náà á kó gbogbo wọn jọ sí pálọ̀. Á máa sọ̀rọ̀, á máa sọ̀rọ̀, títí àṣírí á fi tú.

Àwọn èèyàn fẹ́ràn rẹ̀ bí ẹní fẹ́ràn ìjà aládùúgbò. Ẹnì kan á ní ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ náà ń gbéra ga jù. Ẹlòmíì á ní irunmú rẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀, ṣe ni wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. "Ẹ ṣé, a ti gbọ́." Bí mo ṣe máa ń dáhùn nìyẹn, tí orí á sì máa fọ́ mi.

Lọ́jọ́ kan, tíṣà obìnrin kan pè. Inú ń bí i.

"Ẹ̀yin èèyàn yìí! Ṣé irú súwẹ́tà bẹ́ẹ̀ wà láyé ìgbà yẹn?"

"Súwẹ́tà wo, mà?"

"Ti màmá àgbàlagbà tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná. Súwẹ́tà aláwọ̀ ewé, oníbọ́tìnnì rọ́bà. Ọ̀kan tiẹ̀ ti já, pupa ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wo eré náà tán ni. Kò sí màmá kankan níbẹ̀. Àga òfìfo ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná.

Fóònù tún dún. Ọ̀rọ̀ súwẹ́tà náà ni. Ó tún dún. Súwẹ́tà ni. Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu mi. Ìyá mi ní súwẹ́tà bẹ́ẹ̀. Èmi ni mo rán bọ́tìnnì pupa náà mọ́ ọn.

Mo lọ bá ẹnjiníà tó ń gbé eré sáfẹ́fẹ́. Ó tún ìparí náà gbé fún mi. A jọ wò ó. Pálọ̀. Iná tó ń jó wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Àga.

"Ṣé o rí nǹkan?" ló bi mí.

"Àga ni mo rí, ẹ̀gbọ́n."

"Èmi náà." Ó pa á. "Lọ sinmi. Iṣẹ́ yìí ti ń pọ̀ jù fún ọ."

Òótọ́ ló sọ. Ìyá mi ò lè dá rìn mọ́. Èmi ni mo ń wẹ̀ ẹ́, èmi ni mo ń fún un lóúnjẹ, kí n tó sáré wá síbi iṣẹ́. Tí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin bá pè, "Ṣé wọ́n ti jẹun?" ni gbogbo ìrànlọ́wọ́ tirẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ọkùnrin kan pè. Ohùn rẹ̀ rọ̀.

"Ẹ má bínú, mà. Ìyàwó mi kì í gbọ́ràn. Ẹnu ló máa ń wò tó fi ń mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Ó ní kí n bá òun béèrè: ta ni Ìyá Kékeré?"

Mo tẹ fóònù mọ́ etí.

"Ta ló ń pè é, sà?"

"Màmá onísúwẹ́tà yẹn. Ó ń pè é ṣáá, kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Ó dun ìyàwó mi. Ó sunkún."

Kò sẹ́ni tó ń pè mí bẹ́ẹ̀ láyé yìí, àfi ìyá mi.

Mo sáré relé. Màmá jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n, súwẹ́tà lọ́rùn. Ilé dákẹ́ rọ́rọ́. Mo fọwọ́ kan ojú rẹ̀. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ọ̀tún gbóná, bí ẹni tó ń yáná. Ti òsì tutù nini.

"Màmá, kí ló dé?"

"Ó rẹ̀ mí. Mo ti jókòó síbẹ̀ pẹ́ jù."

"Níbo?"

"Ọkùnrin yẹn ò jẹ́ kéèyàn máa lọ. Ó ń bi wọ́n léèrè lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò tíì kàn mí."

Lọ́jọ́ tí eré náà máa parí pátápátá, mo tọrọ àyè níbi iṣẹ́. Ẹnjiníà ní òun á bá mi gbé fóònù. Mo jókòó ti Màmá, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Kí àwọn inú eré tó kóra jọ sí pálọ̀, oorun ti gbé e lọ.

Mo nawọ́ láti pa tẹlifíṣọ̀n. Mo dá ọwọ́ dúró. Tí mo bá pa á, ibo ni mo fi Màmá sí?

Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ rìn lọ síbi àga òfìfo náà. Ó tẹ̀ síwájú díẹ̀. Ó béèrè ẹni tó wà pẹ̀lú baálé ilé lọ́jọ́ tó kú. Ó dúró.

"Èmi ni," Màmá wí lójú oorun.

Bàbá mi kú nígbà tí mo wà lọ́mọ ọwọ́. A kì í sọ̀rọ̀ rẹ̀ nílé wa.

Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Ètè Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Kò sí ohùn. Ó pẹ́. Mo gbé etí sún mọ́ ọn, èémí nìkan ni mo gbọ́. Omi ń dà lójú rẹ̀ wọ inú ọrùn súwẹ́tà.

Ọkùnrin náà mi orí. Ó dé fìlà rẹ̀. Eré parí.

Fóònù mi dún. Ẹnjiníà ni.

"Gbogbo wọn ló ń pè o. Wọ́n ń sunkún. Wọ́n ní ohun tí màmá yẹn sọ nípa ọkọ rẹ̀..."

Mo pa fóònù kó tó parí ọ̀rọ̀.

Màmá la ojú. Ó wò yí ká bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìrìn àjò dé.

"Wọ́n ní kí n máa lọ," ló wí.

Láti ìgbà náà, oorun rẹ̀ ti dára. Ó ń jẹun. Tí mo bá ń wẹ̀ ẹ́ láàárọ̀, ó máa ń wò mí lójú, bí ẹni tó ń retí kí n béèrè nǹkan. Mo máa ń rọra da omi sí i léjìká. Mi ò béèrè.