Ìgò Orí Ògiri Olúṣẹ̀yẹ

Bàbá Herbert tí ń lu aago ṣọ́ọ̀ṣì ṣì wà láyé nígbà náà. Ìyá Títílọlá aládìrẹ ṣì wà láyé. Harriet náà ṣì wà. Ọlọ́run ló dá a sí nítorí Olúṣẹ̀yẹ, àbúrò rẹ̀.

Ọdún tí sójà gbé ìjọba fún alágbádá ni Olúṣẹ̀yẹ kó aya àti ọmọ dé láti Abíjàn. Òwò ló dẹnu kọlẹ̀ fún un lọ́hùn-ún, ṣùgbọ́n ẹ wo ìgbéraga ẹni tí ebi lé wálé! Bí èèyàn bá kí i pé, “Ẹ kú ilé o,” á ní, “Bóńjúù.” Kíkí Faransé, ní Kemta ilé wa!

Ó tún apá tirẹ̀ nínú ilé bàbá wọn kọ́. Ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n ó mọ ògiri búlọ́ọ̀kù la àárín àgbàlá, ó sì ri àfọ́kù ìgò mọ́ orí rẹ̀. Olè wo ló ń dè? Harriet tó pọ̀n ọ́n dàgbà ló wà lódìkejì.

“Olúṣẹ̀yẹ, èmi lo ri ìgò dè?”

“Sista, ilé ọ̀làjú ni mo ń kọ́. Ẹ má jẹ́ kí adìyẹ yín wọ ọ̀dọ̀ mi.”

“Adìyẹ mi kò gbọ́ Faransé. Kí ni yóò wá ṣe lọ́dọ̀ rẹ? Jésù ni kó o ṣílẹ̀kùn fún.”

“Kó lọ kan ìlẹ̀kùn àwọn òtòṣì.”

Ó sọ bẹ́ẹ̀! Ẹnu tó fi ń jẹ ẹ̀kọ gbèsè ló fi sọ ọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, òun àti ìyàwó jáde. Ó ti géètì mọ́ Yéwándé ọmọ rẹ̀, kó má baà bá àwọn ọmọ agbo ilé ṣeré, ó sì fi kọ́kọ́rọ́ sápò. Ọmọ tan sítóòfù, iná sọ. Igbe ta. Àwọn ọkùnrin sáré dé, wọ́n ń wo ìgò. Harriet kò wo ìgò. Ó dojú odó dé, ó gùn ún, ó gbá orí ògiri mú, ó bọ́ sódìkejì, ó fa ọmọ jáde nínú iná.

Nígbà tí Olúṣẹ̀yẹ fi máa ṣí géètì, Harriet ti jókòó sẹ́yìn géètì náà, ó gbé ọmọ lé ẹsẹ̀. Ọmọ yè. Àtẹ́lẹwọ́ Harriet ti fà ya, ẹ̀jẹ̀ ń kán sórí sìmẹ́ǹtì tuntun.

“Sista, ìgò mi ló ṣe yín báyìí?”

“Ìṣó ló ṣe ọwọ́ Jésù, Olúṣẹ̀yẹ. Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ ni ìṣó náà. Ìgbà wo lo máa ṣílẹ̀kùn?”

Ó dọ̀bálẹ̀ nínú eérú. “Olúwa, ṣàánú mi!” Kò sọ ọ́ ní Faransé. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ó gbé òòlù, ó wó ògiri náà fúnra rẹ̀.

Ìwọ tí ò ń kà á, tó ò ń fi Olúṣẹ̀yẹ ṣe ẹlẹ́yà, ìgò tìrẹ ńkọ́? Owó ni? Ọtí ni? Àbí o kàn ń wo ọmọ ìyá rẹ bí ẹni wo pàǹtí? Jésù ti fi ọwọ́ lé ìgò náà nítorí rẹ. Ronú pìwà dà lónìí. Bí Olúṣẹ̀yẹ bá ti ní ó di ìgbà mìíràn, níbo ni wọn ì bá gbé pósí Harriet gbà lọ́jọ́ tó kú, lẹ́yìn ọdún mélòó kan? Ojú ibi tí ògiri ti dí ọ̀nà tẹ́lẹ̀ ni wọ́n gbé e gbà. Olúṣẹ̀yẹ ló ru iwájú.