Ìbéèrè Tí Ìrẹ̀mídé Yọ Kúrò

"Àǹtí, ó tún ti kọ̀ o!"

Ìrẹ̀mídé, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ló pariwo bẹ́ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi l'Agbowó. Ẹ ẹ̀ ní gbà mí gbọ́, ọmọ SS2 yìí ń kọ ètò fún kọ̀ǹpútà ní èdè kan tí wọ́n ń pè ní Lisp, kó lè máa sọ iye yáàdì aṣọ tí oníbàárà mi kọ̀ọ̀kan máa lò. Ọjọ́ kejì ni wọ́n máa yẹ̀ ẹ́ wò níléèwé wọn. Ẹni tó bá gba ipò kìíní, ọ̀fẹ́ ló máa fi kọ́ kọ̀ǹpútà fún odidi ọdún kan!

"Kí ló tún kọ̀?"

"Mo kọ ìbéèrè sí i pé, 'Ṣé nọ́ńbà lèyí?' Kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ rárá ló ti ń bi mí. Tí ìwọ̀n tí mo kọ síbẹ̀ ò bá ti jẹ́ nọ́ńbà, kò ní gbà. Mo ti tún márùn-ún ṣe, ó tún rí òmíì!"

Prosper, ọmọ kíláàsì ẹ̀ tó jókòó tì í, bú sẹ́rìn-ín. "Ìwọ lo gbé ọlọ́pàá wá sílé ara ẹ! Yọ ìbéèrè yẹn jàre, á dákẹ́."

Ọmọ yìí sì yọ ọ́ o! Kọ̀ǹpútà dákẹ́, wọ́n ń jó. Èmi òpè náà tún lọ ra míńírà fún wọn.

Lọ́jọ́ kejì, lójú gbogbo iléèwé, tíṣà tẹ̀ ẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó ṣírò aṣọ àkọ́kọ́, ó ṣírò ìkejì, ó dé orí ìkẹta, ó dúró gbagidi. Prosper ní, "Ẹ bi í o, èmi kọ́ ni mo kọ ọ́." Ẹ gbọ́ ìkà! Ọmọ kíláàsì wọn míì, Islamiat, ló gba ipò kìíní.

Inú bí mi dé góńgó. Bó ṣe wọlé, mo ní, "Dá ìbéèrè yẹn padà kí n rí i!"

Ó dá a padà. Kíá, kọ̀ǹpútà tọ́ka síbì kan: ìbàdí oníbàárà mi kan. Inú ìwé ìwọ̀n mi lọmọ yìí ti dà á kọ, "ogójì ààbọ̀", bí mo ṣe kọ ọ́ lọ́rọ̀ gẹ́lẹ́. Ìrẹ̀mídé yí i sí nọ́ńbà, iṣẹ́ sì ṣe dé òpin. Ọ̀kan péré ló kù! Èmi tí mo kọ ọ́ jókòó síbẹ̀, kò sẹ́ni tó bi mí!

"Prosper ló ní kí n yọ ọ́, Àǹtí."

"Ṣé ìka Prosper ló tẹ̀ ẹ́?"

Omi bọ́ lójú ẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ gbọ́ mi o. Ẹni tó bá sọ àṣìṣe yín fún yín nígbà tẹ́ ẹ ṣì lè tún un ṣe, ẹ má pa á lẹ́nu mọ́. Torí ẹni tó ní kẹ́ ẹ pa á lẹ́nu mọ́ ò ní dúró tì yín tójú bá ń tì yín.