Jíìpù Tó Fì Sápá Òsì

Ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀ o. Tí mo bá fi bíńtín kún un, kí fóònù mi já bọ́ sómi!

Ọ̀sán gangan ni. Mẹkáníìkì kan dúró nínú ṣọ́ọ̀bù ẹ̀, ó ń wo jíìpù ẹ̀gbọ́n ẹ̀. Jíìpù náà fì sápá òsì lẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀ kò sẹ́nì kankan nínú ẹ̀. Màmá wọn ni ẹ̀gbọ́n sì máa fi gbé gorí òkè lọ́jọ́ yẹn, ọ̀nà olókùúta, ọ̀gbun lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Mo sọ fún yín, bọ̀ọ̀dá," ó sọ fún ẹ̀gbọ́n ẹ̀ tó dúró tì í. "Mo ní kẹ́ ẹ ra sípíríǹgì tó le, ẹ ní rírọ̀ lẹ fẹ́."

"Ẹ̀yìn ń dun Màámi, kí n ra èyí tó le? Ìwọ lo dè é wọ́. Àbí ojú oorun lo ti kọ́ṣẹ́ ni?"

Mẹkáníìkì lọ fa jáàkì wá. Ó fi gbé mọ́tò, ó gbé sípíríǹgì òsì sọ́tùn-ún, ó gbé tọ̀tún sósì. Ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

Òsì náà ló tún fì.

Inú bí i. Ó tú méjèèjì dànù. Ó fi èyí tó le sí i, èyí tí ọkùnrin mẹ́rin ò lè tẹ̀. Ó tún fi ṣọ́ọ̀kì tuntun tì í.

Òsì náà ni.

Ni ṣọ́ọ̀kì òsì bá mí: fììì. Jíìpù lọ sílẹ̀ díẹ̀, ó tún gòkè, bí ìgbà téèyàn tún ìdí jókòó.

"Bọ̀ọ̀dá. Èèyàn wà nínú mọ́tò yìí."

"Orí ẹ ti dàrú! Iṣẹ́ ò yé ẹ, o wá fẹ́ di ẹ̀bi ẹ̀ ru ẹlòmíì."

"Ẹ má gbé Màámi nínú ẹ̀. Mo bẹ̀ yín."

"Kọ́kọ́rọ́ mi dà?" Ó já a gbà lọ́wọ́ ẹ̀.

Ìgbà yẹn ni màmá wọn dé tàpò tàpò. Wọ́n ṣílẹ̀kùn ẹ̀yìn lápá òsì. Wọ́n dúró.

"Ẹ kú ìjókòó o," wọ́n sọ fún àga tó ṣófo. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún fún mi."

Òsì gbéra sókè. Ọ̀tún lọ sílẹ̀. Màmá wọlé, wọ́n jókòó. Jíìpù wá dọ́gba rẹ́gí.

"Ṣé o rí i? Ó ti dọ́gba! Aláìmọ̀ṣẹ́!" Ẹ̀gbọ́n bú sẹ́rìn-ín, ó ṣáná sí mọ́tò.

"Màámi, ẹ sọ̀kalẹ̀!"

Mẹkáníìkì sáré, ó ń fọwọ́ gbá gíláàsì. Màmá ò wò ó. Wọ́n ti fún ara wọn mọ́ ilẹ̀kùn. Wọ́n sì ti gbé àpò wọn sáàárín.

Jíìpù lọ.

Kó tó yà ní kọ́nà, apá ọ̀tún gòkè. Apá òsì wá ń lọ sílẹ̀. Díẹ̀díẹ̀. Ó ń lọ sílẹ̀ ṣáá, títí mẹkáníìkì fi ń gbọ́ bí táyà ṣe ń ha ara mọ́tò.