Owú Tó Dí Nọ́ọ̀sì Lẹ́nu

Ilé ìwòsàn kan náà ni tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan ti ń kọ́ṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì, àbúrò rẹ̀ obìnrin ń kọ́ṣẹ́ dókítà. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ìyá wọn sìn wọ́n dé ẹnu ọ̀nà. Ó kí àbúrò: "Dókítà mi, ire ni wàá bá pàdé o!" Ó wá yíjú sí ẹ̀gbọ́n: "Ìwọ, má gbàgbé láti ra ọṣẹ bọ̀." Ọ̀rọ̀ náà gún un lọ́kàn bí ẹ̀gún.

Níbi tí ẹ̀gbọ́n ti ń tẹ́ ibùsùn bíríkìlà kan tí egbò ẹsẹ̀ ń dà láàmú, ọkùnrin náà ní, "Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, abẹ́rẹ́ pẹnisílìnì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí lọ́jọ́sí. Ojú mi wú, mi ò lè mí."

"Mo ti gbọ́, bàbá. Màá sọ fún wọn."

Ó sì fẹ́ sọ ọ́ lóòótọ́. Àmọ́ àbúrò rẹ̀ ló bá láàárín àwọn dókítà, tí ọ̀gá dókítà ń yìn ín.

"Ẹ jọ̀ọ́, bíríkìlà tó wà ní igun yẹn..."

Àbúrò ò tiẹ̀ wẹ̀yìn. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ní sùúrù, iṣẹ́ là ń ṣe."

Owú ru bò ó lójú. Ó sọ lọ́kàn ara rẹ̀ pé: Àwa ń ṣeré ni? Ṣebí ó mọ̀wé, kó wádìí fúnra rẹ̀! Ló bá panu mọ́, ó bá tiẹ̀ lọ.

Wọ́n gún bíríkìlà ní pẹnisílìnì. Kò pẹ́, ètè rẹ̀ wú, ọ̀fun rẹ̀ dí, ìyàwó rẹ̀ tó dúró tì í figbe ta. Agbára káká ni wọ́n fi gba ẹ̀mí rẹ̀ là.

"Ta ló bá bàbá yìí sọ̀rọ̀ láàárọ̀?" Ọ̀gá nọ́ọ̀sì ló bèèrè.

"Ó sọ fún mi, mà," ẹ̀gbọ́n dáhùn, omijé ń bọ́. "Owú ló dí mi lẹ́nu."

Àbúrò doríkodò. "Mi ò bi bàbá léèrè kankan kí wọ́n tó gún un lábẹ́rẹ́. Mi ò sì jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n mi sọ̀rọ̀."

"Ìdí tá a fi ní kí ẹ̀yin nọ́ọ̀sì àti dókítà jọ máa kẹ́kọ̀ọ́ nìyí, tí ẹ ń yínmú sí i," ọ̀gá nọ́ọ̀sì ní. "Bí aláìsàn bá sọ pé oògùn kan kì í bá òun lára mu, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ sọ ọ́. Bí wọn ò bá dá yín lóhùn, ẹ tún un sọ títí wọ́n á fi gbọ́."

Ilé ẹ̀kọ́ dá àwọn méjèèjì padà sí kíláàsì ẹ̀yìn. Lọ́dún yẹn, ìyá wọn ò rí dókítà, kò rí nọ́ọ̀sì. Bíríkìlà yè, ṣùgbọ́n ìyàwó rẹ̀ ò gba ẹ̀bẹ̀ tí àwọn méjèèjì wá bẹ̀ ẹ́.

Ẹ̀yin aláìsàn, ẹnikẹ́ni tó bá gbé abẹ́rẹ́ dé ọ̀dọ̀ yín, ẹ sọ èyí tí kì í bá yín lára mu fún un. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ iṣẹ́ ìwòsàn, owú á jẹ yín, èèyàn ni yín. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ jíṣẹ́ tí aláìsàn rán yín, kí ẹ tó máa jowú.