Dúróònù Vernon Lórí Igi Àṣá

Àwọn àgbà ní ojú ọ̀run tó ẹyẹ í fò láì fara kan ara. Òótọ́ ni, àmọ́ àgbà tó pa òwe yẹn kò bá Vernon Haugen gbé àdúgbò.

Ní àdúgbò wa ní Kolorádò, ní Amẹ́ríkà, gbogbo onílé ló jọ ni pápá tó wà lẹ́yìn ilé, pẹ̀lú adágún àti àwọn igi ńlá etí omi. Lọ́dọọdún, ẹgbẹ́ onílé máa ń fi àwòrán pápá náà kan síwájú kàlẹ́ńdà. Ọdún mẹ́ta léraléra ni àwòrán ajá Peggy Lindquist, aládùúgbò wa, ti gba ipò yẹn mọ́ Vernon lọ́wọ́.

"Lọ́dún yìí, òkè ni n ó ti ya tèmi," ni Vernon wí láàárọ̀ Sátidé kan nínú oṣù Kẹrin. Ó gbé dúróònù jáde, ọkọ̀ òfuurufú kékeré tí à ń darí láti ilẹ̀.

"Òfin pápá ńkọ́?" Loretta ìyàwó rẹ̀ bi í.

"Wọ́n ní kò gbọdọ̀ gbéra níbẹ̀, kò gbọdọ̀ balẹ̀ síbẹ̀. Ẹ̀yìnkùlé mi ni yóò ti gbéra. Kí lẹ̀ṣẹ̀ mi?"

"Lọ́yà tí ò lọ iléèwé!"

Dúróònù gbéra, ó fò lọ sókè àwọn igi etí omi. Kò pẹ́ tí ìyá àṣá kan fi já jáde láti orí igi. Ó ta dúróònù nípàá, ẹ̀rọ náà sì há sáàárín ẹ̀ka, nísàlẹ̀ ìtẹ́ gan-an. Vernon gbé àkàbà, ó di eré.

Marisol Trujillo, tó fi ogún ọdún ṣọ́ igbó ọba kó tó fẹ̀yìn tì, dúró síwájú rẹ̀. "Ẹ sọ àkàbà yẹn kalẹ̀! Ẹyin wà lókè yẹn. Bí ìyá wọn bá pẹ́ níta nínú òtútù yìí, wọ́n á kú."

"Ẹ̀rọ mi ńkọ́?"

"Ẹ̀rọ kì í kú. Ẹ jẹ́ ká kúrò níbí."

A fà sẹ́yìn lọ sójú ọ̀nà. Àṣá ń yí po, ó ń ké. Vernon gbàgbé ẹ̀rọ. "Ìyá, jọ̀ọ́, padà sílé," ló ń sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Nígbà tí ẹyẹ náà wọlé, Vernon mí kanlẹ̀ bí ẹni tó jẹ́ pé òun ló sàba.

"Ẹ ò ka òfin pápá dé ìsàlẹ̀," Marisol wí. "Láti oṣù Kejì dé oṣù Keje, dúróònù kò gbọdọ̀ sún mọ́ ìtẹ́, ibi yòówù kó ti gbéra. Ó di oṣù Kẹjọ kẹ́ ẹ tó mú un."

Láti ọjọ́ náà, àràárọ̀ ni Vernon ń dúró sójú ọ̀nà, tó ń bẹ ìtẹ́ wò láti òkèèrè. Nígbà tí oṣù Kẹfà ń parí lọ, ọmọ àṣá kan jáde wá, ó bà sórí dúróònù bí ọba lórí ìtẹ́. Kámẹ́rà àtijọ́ ni Vernon fi yà á. Àwòrán yẹn ló wà níwájú kàlẹ́ńdà. Ajá Peggy wà lẹ́yìn.

Ẹ̀yin aládùúgbò, ẹ ka òfin ilẹ̀ àjọni tán kẹ́ ẹ tó fò. Ẹ má dúró níbi tó dùn mọ́ yín. Ẹ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ẹgbẹ́, ẹ béèrè ohun tí ìjọba ń fẹ́. Ẹ má jẹ́ kí ẹ̀rọ kúrò lójú yín, ẹ má fi yọjú sílé onílé. Bí ẹyẹ bá dìde sí i, ẹ dá a padà wálé kíá. Bó bá há sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìtẹ́, ẹ fi sílẹ̀.

Vernon mú tirẹ̀ sọ̀kalẹ̀ nínú oṣù Kẹjọ, ó ṣì ń fò dáadáa. Ìgbẹ́ ẹyẹ ara rẹ̀ nìkan ni Loretta ní kò gbọdọ̀ fọ̀ nínú ilé ìdáná òun.